Ìwé Tí Mo Kà fún Ìlọ́fà

Nínú gbogbo ohun tó ń dún ní agbolé wa lọ́dún tí mo fẹ́ sọ yìí, fèrè lọ́rì ni etí mi máa ń kọ́kọ́ mú. Odó ń dún o, torí ta ni kì í gúnyán ní Ìlọ́fà? Ìgbálẹ̀ ń dún lórí ilẹ̀ àgbàlá. Ikọ́ Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, ń dún nínú yàrá bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá títì ni ilé wa wà, bí lọ́rì kan bá sì ti fun fèrè lókèèrè, ìgbálẹ̀ á bọ́ lọ́wọ́ mi. Màámi á ní, "Fọlákẹ́, ṣé ìwọ ni wọ́n ń fun fèrè fún ni? Gbá ilẹ̀ rẹ, jàre." Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń fun ún fún lóòótọ́. Ohun tí mò ń dúró dè ni ọjọ́ tí bàbá mi fúnra rẹ̀ yóò jókòó sídìí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí yóò fọwọ́ tẹ fèrè náà lẹ́nu ọ̀nà wa, tí gbogbo ọmọ tó ń pè mí ní ọmọ sípíà yóò gbọ́ ọ, tí ẹnu wọn yóò wọhò.

Kí n sọ ohun tí sípíà jẹ́. Bàbá mi ń bá ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kan ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, ilé-iṣẹ́ tó ní lọ́rì púpọ̀, tó ń kó sìmẹ́ǹtì, iyọ̀ àti pákó káàkiri. Àwọn tí wọ́n ti fún ní ọkọ̀ kan pàtó níbẹ̀, tó jẹ́ pé àwọn nìkan ló ń wà á, àwọn ni dírẹ́bà. Àwọn tó kù, sípíà ni wọ́n, bíi táyà tí wọ́n so mọ́ abẹ́ ọkọ̀: ìgbà tí táyà gidi bá jò ni wọ́n ń rántí pé ó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá mi ti wà lábẹ́ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá wálé, tó bá ti bu òkèlè mẹ́ta mẹ́rin, Màámi á bi í bí nǹkan ti rí lọ́hùn-ún, òun náà á sì fi ọwọ́ òsì ya pátákó kan sórí ilẹ̀ fún wa. Ó ní, "Ara ògiri ọ́fíìsì ló wà. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ wa sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹrù bá dé, akọ̀wé á jáde, á pe orúkọ tó wà lókè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń pè é. Bí onítọ̀hún ò bá jẹ́, á pa á rẹ́, á tún un kọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá."

"Tí kò fi ní sí ojúsàájú nìyẹn," ni Màámi wí.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó tún bu òkèlè. "Èyí tí wọ́n kọ sára ògiri nìyẹn. Èyí tí wọn ò kọ ló pọ̀. Ẹrù tí ọ̀nà rẹ̀ burú, tó ń ba ọkọ̀ jẹ́, ìyẹn ń tẹ̀lé pátákó. Ẹrù tó dáa, tí o ó kó lọ tí o ó sì tún rí òmíràn kó bọ̀, ìyẹn kì í dúró de ṣọ́ọ̀kì. Ọmọ ìyá akọ̀wé wà níbẹ̀. Ẹni tó ń lọ bá ọ̀gá fọ mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú wà níbẹ̀. Ẹni tí kì í lọ sílé rárá wà níbẹ̀, tó ń sun abẹ́ lọ́rì, tó jẹ́ pé ìgbàkígbà tí akọ̀wé bá yọjú, òun ni yóò kọ́kọ́ rí. Ẹni tó bá wà lójú wọn ni wọ́n ń rí."

Yèyé ti gbọ́ ọ láti inú yàrá. Bó ṣe máa ń pe ilé ní "ulé", tó ń pe iṣu ní "uṣu", bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa ń sọ̀rọ̀ nígbà náà, kí rédíò tó kọ́ gbogbo wa ní ẹnu kan náà. Ó ké sí i, "Òjó, di uṣu fún akọ̀wé."

"Mo ti di í fún un, Yèyé. Gbogbo wa la ń di í fún un."

Lọ́dún yẹn, ọ̀gá wọn ra lọ́rì tuntun kan, aláwọ̀ ewé, tí ọ̀rá tí wọ́n fi bo àga rẹ̀ ò tíì kúrò lára rẹ̀. Wọ́n ní sípíà tí orúkọ rẹ̀ bá wà lókè pátákó lọ́jọ́ tí ẹrù àkọ́kọ́ rẹ̀ bá dé, òun ló ni ín. Bàbá mi gbọ́ èyí, ó sì fi gbogbo ara sí i. Láti ìgbà tí a ti jẹ iṣu tuntun ni kò ti wálé mọ́. Orí páálí ló ń sùn lábẹ́ ọkọ̀, ó ń wo orúkọ ara rẹ̀ bó ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo lókè rẹ̀. Ìgbà náà ni ikọ́ Yèyé wá le, àwọn ará ilé sì ránṣẹ́ sí i. Ó lọ bá akọ̀wé. Akọ̀wé ní kó máa lọ, ó ní ẹrù náà ò tíì fẹ́ dé, ó ní, "Bí ó bá ku ọjọ́ méjì, màá fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ." Títí di òní, tí irun mi ti funfun tán yìí, mi ò mọ̀ bóyá àánú ló ṣe é, tàbí ó ń wá bí bàbá mi yóò ṣe kúrò lójú rẹ̀.

Bí bàbá mi ṣe délé, ó so báàgì rẹ̀ kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn: ṣẹ́ẹ̀tì kakí, fìlà, láísẹ́ǹsì, aṣọ ìnura. A ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń bomi gbígbóná fún un mu, ṣùgbọ́n títì ni etí rẹ̀ wà. Bí ọkọ̀ bá rọra lẹ́nu ọ̀nà wa, ọwọ́ rẹ̀ á dúró lójú afẹ́fẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, ara Yèyé ti ń yá díẹ̀, bàbá mi ní bí òun bá tún jókòó ọjọ́ kan sí i, orí òun á dàrú. Ó gbé ọkọ́, ó lọ kọ ebè ní oko wa tó wà ní òdìkejì odò, níbi tí a ní ahéré tó lè sùn sí. Ó sọ fún Màámi, Màámi sì sọ fún wa: "Bí ẹnikẹ́ni bá wá láti Ìlọrin tó ń béèrè Bàbá Fọlákẹ́, kí ẹsẹ̀ yín má kanlẹ̀ títí ẹ ó fi dé oko."

Bàbá Fọlákẹ́. Ẹ gbọ́ bó ti rọrùn lẹ́nu. Màámi ò pè é ní òmíràn rí, torí ìyàwó ilé kì í dárúkọ ọkọ rẹ̀. Yèyé ń pè é ní Òjó, torí ìwọ́ tó kọ́ ọ lọ́rùn wáyé. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Dírẹ́bà. Èmi, Bàbá ni. Kò sí ẹni tó ronú láé láti béèrè ohun tí wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ènìyàn. Nígbà tó ti bọ́ ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé lọ́jọ́ tó lọ gba láísẹ́ǹsì, akọ̀wé ibẹ̀ fi gẹ̀ẹ́sì bi í ní nǹkan kan. Kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, ó rò pé wọ́n ń bi òun níbi tí òun ti wá ni, ó sì dáhùn. Ohun tó dáhùn ni wọ́n kọ. Láti orí láísẹ́ǹsì ló ti bọ́ sórí pátákó. Ojú tì í láti sọ ọ́ nílé. Ulé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, Yèyé ìbá wí bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé yẹn ò wo ilé kankan.

Mo ní láti sọ ti omi pẹ̀lú, torí omi ló tì mí. Èmi ni mò ń pọnmi nílé wa. Odò náà jìn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni lílọ rẹ̀, òkè ni bíbọ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì kí n tó lọ sílé ìwé, ẹ̀ẹ̀kan bí mo bá dé. Ọrùn mi ti kúrú, bí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe ń wí nìyẹn. Àwọn àgbà ìlú ti ń kọ̀wé sí ìjọba tipẹ́ pé kí wọ́n fún wa ní páìpù, kí a ní omi ẹ̀rọ. Gbogbo ìpàdé ni wọ́n ń sọ ọ́. Mo máa ń lálàá páìpù náà. Lójú àlá, iwájú ilé wa gan-an ni ẹnu rẹ̀ máa ń wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkùnrin kan ti Ìlọrin dé pẹ̀lú àpò obì léjìká, ẹni tó wá ra obì, tí kò dé ìlú wa rí. Màámi ti lọ sí ọjà Òmù-Àrán. Yèyé wà lórí ẹní lọ́ọ̀dẹ̀, èmi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kúulé o, Màmá."

"Òo, kú àbọ̀. Kò sóbì lọ́dọ̀ tiwa o. Ọ̀hún ni kí o máa lọ."

"Obì kọ́, Màmá. Ìwé ni. Ta ni wọ́n ń pè ní Ìlọ́fà níhìn-ín?"

Yèyé rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Ìwọ ọkùnrin yìí, orí rẹ̀ lo dúró sí. Àbí o fẹ́ kó dìde kí ọ ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. "Bí wọ́n ṣe rán mi ni mo ṣe jẹ́ ẹ, Màmá. Ẹnì kan ló sáré bá mi ní gáréèjì, ó ní bí mo bá dé ibẹ̀, kí n fún Ìlọ́fà. Ó ní wọ́n á mọ̀ ọ́n."

"Ó dáa, o ti fún Ìlọ́fà. Ọmọ wa yìí mọ̀wé. Fọlákẹ́, dìde, gbà á, bá wa kà á."

Mo nu ọwọ́ mi sára aṣọ. Lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ ọ́, bí èyí tí tíṣà ń kọ sójú pátákó, Yorùbá sì ni. Mo kà á sókè, bí wọ́n ṣe kọ́ wa, mo ń sinmi níbi tí àmì bá wà: "Ìlọ́fà. Ẹrù ti dé. Wá gbé e kí Ọjọ́bọ̀ tó kọjá."

Yèyé ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń wo ìwé náà bí ẹni tó ń wo ọmọ tí ojú rẹ̀ jọ ti ẹnì kan. "Ẹrù," ó ní. "Ẹrù wo nìyẹn?" Mo máa ń padà síbi tí ó ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ká ní mo dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, Yèyé ìbá rí i. Ó ti ń wá sí i lọ́kàn, mo rí i lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọrùn mi ń dùn mí láti àárọ̀. Mo fò sókè, mo pariwo, "Yèyé, páìpù ni! Páìpù omi wa ti dé!"

Ojú Yèyé sì là. Àgbà náà ń fẹ́ omi nítòsí. Ó ní kí n sáré gbé e lọ fún Bàbá Olórí Àdúgbò, mo sì sáré. Ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀ lóòótọ́. Bàbá àgbà náà mú kí n kà á lẹ́ẹ̀mẹta létí àwọn àgbà mìíràn. Ó fún mi ní ẹran kan nínú abọ́ tirẹ̀, ó ní, "Ọmọ Dírẹ́bà mọ̀wé ju tíṣà lọ." Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn obìnrin ti kó ìkòkò omi wọn síta, wọ́n ń kọrin, wọ́n ní odò, ó dìgbóṣe. Màámi ti ọjà dé bá wọn, ó gbé igbá lórí sọ̀kalẹ̀, ó jó pẹ̀lú wọn. Ó gbé mí sókè bí ọmọ ọwọ́. Ìyàwó ẹni tó ni ìwé náà ni o, tí kò mọ orúkọ tí ọkọ rẹ̀ ń jẹ́ níbi iṣẹ́, tó ń jó lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbà méjì múra, wọ́n mú ìwé náà dání, wọ́n wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Ìlọrin.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni bàbá mi ti oko dé. Mo rí i lókèèrè pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ iṣu lórí, mo sáré pàdé rẹ̀ kí n gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú oko o. Ẹrù ti dé!"

Ó dúró. "Ẹrù wo?"

"Ẹrù páìpù. Wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ láti Ìlọrin. Èmi ni mo kà á."

"Sí ta ni wọ́n kọ ọ́?"

"Sí Ìlọ́fà."

Ó sọ apẹ̀rẹ̀ náà kalẹ̀. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ẹyin wà nínú ẹrù rẹ̀. Ó ní, "Fọlákẹ́, èmi ni Ìlọ́fà."

Mo rẹ́rìn-ín. Olúwa mi mọ̀ pé mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni.

Kò wẹ̀, kò jẹun. Ó yọ báàgì lórí ìṣó, ó sì lọ dúró sétí títì pẹ̀lú amọ̀ oko lẹ́sẹ̀. Màámi ń bi í pé kí ló dé, ó ń na ọwọ́ sí gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá. Yèyé nìkan ni mo sọ ohun tó wí fún. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì wọ yàrá lọ. Kò sí ọkọ̀ èrò mọ́ lákòókò yẹn. Oòrùn ti ń wọ̀ kí ọkọ̀ onípákó kan tó gbé e, ẹ̀yìn ló sì jókòó sí, lórí igi. Ọjọ́ Ẹtì ló wọ àgbàlá ilé-iṣẹ́ wọn. Akọ̀wé ti pè é ní Ọjọ́bọ̀, ó pe "Ìlọ́fà" lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní ó tilẹ̀ dúró díẹ̀ láàárín èkejì àti ẹ̀kẹta. Ẹni tó wà lókè tẹ́lẹ̀ ti gba ẹrù mìíràn ṣáájú. Ẹni tó jẹ́ ìpè ni ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ dáadáa, tí kì í lọ sílé, tó ń fọ aṣọ rẹ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́rì. Ìgbà tí bàbá mi fi débẹ̀, ọkọ̀ aláwọ̀ ewé náà ti ń lọ sí Kánò. Orúkọ rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ pátákó, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ṣì jẹ́ tuntun.

Òun àti àwọn àgbà méjì náà ló padà dé ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Àwọn àgbà náà ti jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba lọ́jọ́ méjì, wọ́n ń fi ìwé náà han gbogbo ẹni tó bá kọjá, títí ọ̀dọ́mọdé kan fi bi wọ́n bóyá Ìlọ́fà ni wọ́n fẹ́ kó sínú lọ́rì. Nígbà tí wọ́n délé, tí wọ́n gbọ́ ẹni tó ń jẹ́ Ìlọ́fà, wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá mi. Èmi àti Màámi tẹ̀ lé e. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn.

"Dírẹ́bà, ìlú odindi lo gbé kiri bí orúkọ? Àwa tí a bí síbí, a ò gbé e."

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá."

"O sọ wá di ẹlẹ́yà. Àwọn obìnrin ti kó ìkòkò omi síta."

"Ẹ forí jì mí. Ẹ̀bi mi ni."

Ọkùnrin tí wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀ lórí ilẹ̀ yẹn. Ó bẹ̀ wọ́n lórí páìpù tí ẹnikẹ́ni ò ṣèlérí fún wa, páìpù tí a ò tíì rí títí di bí mo ti ń sọ yìí. Bàbá Olórí Àdúgbò ju ìwé náà sí i lẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Páìpù lọ́nà odò, orúkọ náà sì bá mi dé ilé ọkọ.

Bàbá mi padà sídìí pátákó, kò tún dé òkè rẹ̀ mọ́ nígbà tí nǹkan gidi bá wà níbẹ̀. Sípíà ló jẹ́ títí ojú rẹ̀ fi ń ṣú, tí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Lónìí, ọmọ mi ọkùnrin, Délé, ń wa tírélà. Ó ní nǹkan ti yí padà, kò sí akọ̀wé mọ́, kò sí ṣọ́ọ̀kì. Inú fóònù ni ẹrù ń bọ́ sí, lójú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ló ni ín, ẹni tí kò bá dáhùn, fóònù náà á kọ ọ́ sílẹ̀ dè é. "Ẹ̀rọ ni, Màámi. Kò ní ọmọ ìyá." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí a dá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀kì ò dúró nílé wa, nítorí náà bí ó bá wá kí mi, orí àpáta lẹ́yìn ilé ìwé ló ń jókòó sí láti àárọ̀. Ibẹ̀ ni mò ń gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ. Mo bi í bóyá ẹ̀rọ náà mọ orúkọ rẹ̀. Ó ní, "Rárá o, nọ́ńbà ni mo jẹ́ fún un." Nígbà tó bá fẹ́ lọ wẹ̀, á ní kí n bá òun di fóònù náà mú, bí nǹkan bá wọlé kí n kà á fún òun. Mi ò gbà á. Ó rò pé ẹ̀rù ẹ̀rọ ló ń bà mí.

Ọ̀sán ọjọ́ tí a ti ọ̀dọ̀ àwọn àgbà dé, bàbá mi jókòó sórí ẹní Yèyé lọ́ọ̀dẹ̀, ó pè mí. Mo rò pé yóò nà mí. Mo tilẹ̀ fẹ́ kó nà mí. Ó na ìwé náà sí mi. Kò mọ̀wé kà rárá. Ó ní, "Kà á fún mi. Èyí tó wà lókè yẹn nìkan."

Mo kà á. "Ìlọ́fà."

Ó ní, "Mo wà níbí, sà."

Mo wo ojú rẹ̀. Títì ló ń wò. Ó ní kí n tún un kà. "Ìlọ́fà." "Mo wà níbí, sà." Nígbà tó di ẹ̀kẹta, mi ò fẹ́ kà á mọ́, ó sì dúró dè mí pẹ̀lú sùúrù, kò kán mi lójú. Mo kà á. Ó jẹ́ mi lóhùn. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ kàn mí lórí, ó ní, "O kà á dáadáa."

Mo gbé ìkòkò mi, mo gba ọ̀nà odò lọ.